Ọmọ Méjì, Fọ́tò Kan

Ọdún tí Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Thamesmead ni ọkàn mi máa ń padà sí jù lọ. Bí mo bá ti di ojú, ariwo pẹ́pẹ́yẹ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́, àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú adágún tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n máa ń pariwo láràárọ̀ bí ẹni ń du àyè nídìí omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ balẹ̀ ní òdìkejì odò á kọjá, á fò nísàlẹ̀ gan-an débi pé àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Màmá kì í jẹ́ kó lọ láì kí i. “Ẹ máa lọ o, Olúwa á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀,” ni wọ́n máa ń wí láti orí ìkúnlẹ̀ wọn, wọ́n á sì padà sínú àdúrà, wọ́n á máa dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni wọ́n máa ń dárúkọ kẹ́yìn. Ìdúnnú ni gbogbo ayé ń pè mí, ṣùgbọ́n Àdùkẹ́, oríkì mi, ni Màmá ń pè mí. Mo máa ń dúró lórí bẹ́ẹ̀dì títí màá fi gbọ́ orúkọ yẹn, nítorí mo gbà nígbà náà pé ọjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò bá tíì pè mí níwájú Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ pé wọ́n pè mí. Ní ilé tèmi lónìí, èmi náà ń kúnlẹ̀, èmi náà ń dárúkọ, ọkọ̀ òfuurufú sì ń kọjá lókè orí wa.

Ilé kọnkéré ni ilé wa, ọ̀kan nínú àwọn ilé gígùn tí wọ́n fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ so mọ́ra, tí omi òjò sì ti ya àwòrán dúdú sí lára. Mo máa ń rí ojú ènìyàn nínú àwọn àwòrán òjò yẹn. Lórí pápá tó wà níwájú wa, àwọn ẹṣin máa ń jẹko pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi ẹni tó ni wọ́n. Bàbá mi ń fọ ọkọ̀ ojú irin kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní apá Abbey Wood, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí n fọ abọ́, kí n bá Màmá tẹ nọ́ńbà Nàìjíríà sórí fóònù. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wa á wọ aṣọ funfun gígùn tí ìjọ wa ń wọ̀, èyí tí Mummy ti fi sítáàṣì lọ̀ ní Sátidé títí ó fi ń dún bí bébà. Àá bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí a ń lò ní Woolwich. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá àti bí a ṣe ń kọ ọ́, nínú yàrá kékeré kan tó ń rùn bí tùràrí àti ẹ̀rọ ìgbóná, lọ́wọ́ ìyá ìjọ kan tí kì í jẹ́ kí á fo àmì ohùn kankan. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ tó wúlò fún mi, inú yàrá yẹn ni mo ti rí i.

Daddy ni onífọ́tò ìjọ. Kò sí ẹni tó yàn wọ́n. Wọ́n kàn gbé kámẹ́rà wá ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè wọ́n. Kámẹ́rà náà ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé ọwọ́ wọn, ìka ẹni náà sì ti nu gbogbo àmì orí bọ́tìnnì rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata Ọjọ́ Ìsinmi, Daddy máa ń nu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ mímọ́ sórí rẹ̀, wọ́n á gbé láàpútọ́ọ̀pù kalẹ̀. Wọ́n á yọ káàdì inú kámẹ́rà, èyí tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n á tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tí a ti rí láàárọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹsẹ̀ àwọn akọrin láìsí bàtà, èéfín tó ń gun òkè, ìyá kan tó ń nu ojú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. Wọ́n á ṣí fódà tuntun, wọ́n á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sí i lórí. Ìdúpẹ́ Ẹgbẹ́ Akọrin. Àdúrà Àwọn Aboyún. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ Òjò Tó Pọ̀ sí, nítorí pé kò sí nǹkan mìíràn tí a rántí nípa ọjọ́ yẹn.

Ìrìn mẹ́ta ni wọ́n máa ń rìn la inú fọ́tò kọjá. Ní ìrìn àkọ́kọ́, ẹni tó bá di ojú tàbí tó ń yán, wọ́n á pa á rẹ́. Ní ìkejì, wọ́n á wá àwọn tó jọra, wọ́n á mú èyí tó dára jù nínú wọn, wọ́n á pa ìyókù rẹ́. Ìrìn kẹta ni wọ́n fi ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tó parí ni wọ́n máa ń kọ ẹ̀dà àwọn tó kù sínú háàdì díráífù, àpótí dúdú kékeré kan tí Mummy fi gèlè àtijọ́ rán àpò fún. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ṣìnà, pé ó yẹ kí á kọ ẹ̀dà kalẹ̀ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àpótí náà kéré, Daddy kò sì fẹ́ kó pàǹtírí sínú rẹ̀. Màmá máa ń jókòó sí orí kejì tábìlì, wọ́n á da ẹ̀wà sínú àwo fífẹ̀, wọ́n á máa ṣà á.

“Ṣé ẹ̀wà ni ìwọ náà ń ṣà níbẹ̀ yẹn?” ni wọ́n bi Daddy lọ́jọ́ kan.

“Ẹ̀wà náà ni, Mà.”

“Èyí tó bàjẹ́ ńkọ́? Ibo lò ń dà á sí?”

“Apẹ̀rẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, Mà. Tó bá kún, màá dà á nù.”

Màmá wo ìdí kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Mi ò rí apẹ̀rẹ̀ kankan. Ẹ máa tan arúgbó jẹ o.”

Funfun ni iṣẹ́ tó le jù. Àwọn tó ń ya ìgbéyàwó, aṣọ funfun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá jà. Tiwa lé ní ọgọ́rùn-ún. Tí kámẹ́rà bá rí funfun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, á rò pé oòrùn ti pọ̀ jù, á sì sọ gbogbo wa di eérú. Tí Daddy bá sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un kí ojú wa lè hàn, aṣọ á jó tán, ìlà àti bọ́tìnnì á pòórá, á wá dà bí ẹni pé orí nìkan ló ń fò kiri nínú ìkùukùu. Iná gígùn inú gbọ̀ngàn ń sọ aṣọ di yẹ́lò, fèrèsé ń sọ ọ́ di búlúù, nítorí náà ẹnì kan lè dúró pẹ̀lú èjìká ọ̀tún ní ayé kan àti èjìká òsì ní ayé mìíràn. “Má jẹ́ kí aṣọ jẹ ojú,” ni Daddy máa ń sọ fún mi. Wọ́n á fa ìlà kékeré kan síwá-sẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tún iná kẹrosíìnì ṣe, ojú ènìyàn á sì jáde wá láti inú òkùnkùn rẹ̀. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run náà ṣe ń wò wá, pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́ lórí ìlà kékeré kan. Àgbàlagbà ni mí báyìí, mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi yí èrò yẹn padà.

Nígbà ìsinmi àárín táàmù, wọ́n yí àkókò iṣẹ́ Daddy padà, oorun sì ń gbé wọn lọ níwájú fọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ lórí máòsì. Ìgbà náà ni wọ́n fi ìrìn kejì lé mi lọ́wọ́.

“Tó bá jọra, mú ọ̀kan. Má ṣàánú wọn o.”

“Daddy, I know. O ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.”

Màmá gbójú sókè nínú ẹ̀wà. “Ta lò ń sọ ‘o’ fún? Ṣé ẹ jọ lọ sí ilé ìwé kan náà ni?”

“Ẹ má bínú, Mà.”

“Èmi kọ́. Bàbá tó bí ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àwọn ìbejì Auntie Fúnkẹ́ lórúkọ. Ọ̀rẹ́ Mummy ni Auntie Fúnkẹ́, wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, Auntie Fúnkẹ́ sì ti ń retí ọmọ tipẹ́, títí àwa ọmọdé fi mọ orúkọ wọn nínú àdúrà kí á tó mọ ojú wọn. Obìnrin méjì ni Ọlọ́run fi dá wọn lóhùn, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Nínú ìjọ wa, ìyá ọmọ kì í wọ ilé àdúrà títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Àwọn ìyá ìjọ ló máa ń lọ gbé ọmọ wá ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá á sì dúró sílé, á máa gbàdúrà láti ibẹ̀. Auntie Fúnkẹ́ tún sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù ya àwọn ọmọ náà títí òun fúnra òun á fi gbé wọn wá sí ìjọ, kí òun tó mú wọn hàn fún ayé. Kámẹ́rà Daddy nìkan ni wọ́n gbà láyè, nítorí ti ilé Ọlọ́run ni. Àwọn ìyá ìjọ gbé àwọn ọmọ náà wá nínú ìborùn funfun, Daddy sì ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yàrá ẹ̀gbẹ́, lórí àga kan tí wọ́n da aṣọ funfun bò, nítòsí fèrèsé. Èmi kò sí níbẹ̀. Mo wà nínú yàrá wa, mò ń kọ àmì ohùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè ni mo ṣí fódà náà. Òjò ń rọ̀, Daddy ń sùn lórí àga gígùn, Màmá ń din àkàrà, òórùn epo gbígbóná sì ti gba gbogbo ilé. Mo ti ń mú ọ̀kan sílẹ̀, mo ti ń pa ìyókù rẹ́, inú mi dùn bí inú ẹni tó ń gbálẹ̀ tó sì ń rí ibi tó mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá dé ibi fọ́tò mọ́kànlá kan tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn: ọmọ jòjòló tó ń sùn, ìborùn funfun, àga funfun, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Mo mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni mo rí, mo sì rò pé èkejì á wà níwájú, pé màá bá a pàdé láìpẹ́. Mo mú èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Mo pa mẹ́wàá rẹ́. Lẹ́yìn wọn, fọ́tò oyin àti àádùn orí tábìlì ló kàn, àti ti àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n gbé àwọn ọmọ mọ́ra tí ìborùn sì bo ojú wọn pátápátá. Màmá pè mí pé kí n wá jẹ àkàrà. Mo lọ jẹ àkàrà.

Lẹ́yìn náà ni àsìkò ìkórè dé. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn tí Daddy ń ya ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti ẹlẹ́gẹ̀dé tí wọ́n tò síwájú pẹpẹ, tí wọ́n sì ń nu ohun inú káàdì kámẹ́rà kúrò, tí wọ́n tún ń ya òmíràn kún un. Kọ̀ǹpútà ní òun ti yó. Daddy da apẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ nù.

Ogójì ọjọ́ kò tíì pé nígbà tí Táíwò padà sọ́dọ̀ Ẹni tó rán an. Ìbà ni, ọjọ́ mẹ́ta sì ni gbogbo rẹ̀. Ní ilé wa, wọ́n kò sọ ọ́ fún mi tààrà. Mo kàn rí i pé orin kò sí nínú kíṣìnì, Màmá sì ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn àgbà ìjọ ló lọ sin ọmọ náà. Wọn kò jẹ́ kí Auntie Fúnkẹ́ bá wọn lọ, bí a ti máa ń ṣe, kí ìyá má baà mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, Auntie Fúnkẹ́ pe Mummy. Iṣu ni Mummy ń bẹ, nítorí náà wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, gbogbo wa sì gbọ́.

“Mummy Ìdúnnú, ẹ bá mi bẹ Daddy Ìdúnnú. Fọ́tò Táíwò ni mo fẹ́. Mi ò bèèrè nǹkan míì.”

“Á tẹ̀ yín lọ́wọ́, Auntie. Ẹ má sunkún mọ́.”

“Wọ́n ní kí n máa wo Kẹ́hìndé, pé ojú kan náà ni.” Ohùn wọn dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. “Kì í ṣe ojú kan náà, Mummy Ìdúnnú. Èmi ni mo bí wọn. Kì í ṣe ojú kan náà.”

Daddy ṣí fódà náà kí Mummy tó bẹ iṣu tán. Wọ́n wò ó sókè, wọ́n wò ó sísàlẹ̀. Wọ́n ṣí àpótí dúdú, wọ́n wo ìyẹn náà.

“Ìdúnnú. Mo ya ju mẹ́wàá lọ. Níbo ni ìyókù wà?”

“Mo mú ọ̀kan sílẹ̀.”

“Ọ̀kan nínú ti ta?”

“Ti ọmọ yẹn. Daddy, gbogbo wọn jọra. Mo rò pé ẹnì kan ni.”

Daddy kò pariwo. Ìbá sàn fún mi kí wọ́n pariwo. Wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tí nǹkan jó, wọ́n sì wo ìta fèrèsé, níbi tí ẹṣin kan dúró sí láìmira. “Èmi ni mo ní kí o má ṣàánú wọn,” ni wọ́n wí níkẹyìn. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n wá ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa ń hú ohun tí a ti pa rẹ́ jáde nínú káàdì. A jókòó tì í fún wákàtí méjì. Ohun tó hú jáde ni ìdajì ọ̀pẹ òyìnbó, ọwọ́ ẹnì kan tí kò ní ara, àti funfun, funfun tó pọ̀ tí a kò mọ̀ bóyá aṣọ ìjọ ni tàbí ìborùn ọmọ. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ omi. Ohun tó ń ṣe mí kò yé mi nígbà yẹn. Lónìí mo lè sọ ọ́: ìyá kan wà ní Woolwich tí kò ní nǹkan mìíràn láyé tó fi hàn pé ọmọ òun wá, èmi ni mo sì gbá nǹkan náà dànù kí n tó lọ jẹ àkàrà.

Màmá ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà. “Kí ló le níbẹ̀? Ní ìlú wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ tí wọn ò sì ní fọ́tò rẹ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ á jókòó síbí, á jókòó sọ́hùn-ún, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kọ́ ọ síbẹ̀, ó tán. Ìwọ tí o ní ẹ̀rọ òyìnbó, ṣé o ò lè ṣe ohun tí onífọ́tò ìlú wa fi sísọ́ọ̀sì ṣe ni?”

Ọ̀sán Sátidé kan ni Daddy ṣe é. Mo dúró lẹ́yìn àga wọn. Wọ́n mú fọ́tò kan ṣoṣo yẹn, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì yí ìkejì padà bí ìgbà tí ènìyàn bá wo dígí, kí orí rẹ̀ lè kọjú sí òdìkejì. Wọ́n gbé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀. Wọ́n yí ìṣẹ́po ìborùn padà, wọ́n pa ẹnu tó ṣí dé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà tó kéré ju irun ojú lọ. Kò sí ìró kankan nínú ilé ju ti máòsì lọ, àti ti òjò tó ń kán láti orí afárá. Lójú mi, àga kejì bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀, ẹnì kan sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ méjì ń sùn, wọ́n kọjú síra wọn, ó dà bíi pé èémí wọn ń kan ara wọn lójú. Mo gbàgbọ́ nínú wọn. Mo gbàgbọ́ débi pé mo mí kanlẹ̀, mo rò pé Ọlọ́run ti dá a padà, pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ti lọ.

Ẹ̀yìn wa ni Mummy wà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. “Ó dára. Kí lẹ máa sọ fún un?”

“Màá ní fọ́tò rẹ̀ rèé.”

“Fọ́tò ta?”

Ọwọ́ Daddy padà sórí máòsì.

“Daddy Ìdúnnú, àwọn ará ìlú Màmá mọ̀. Ìyá ọmọ mọ̀, onífọ́tò mọ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀. Tí ẹ bá gbé èyí fún Auntie Fúnkẹ́ láì sọ nǹkan kan, irọ́ lẹ fún un kó gbé kọ́ ògiri. Ó máa máa kí irọ́ láràárọ̀.”

“Tí mo bá sọ ńkọ́? Kí n sọ fún obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ pé ọmọ mi ló pa fọ́tò ọmọ ẹ̀ rẹ́? Ṣé á tún wọ ilé wa mọ́? Ṣé á tún wo ojú Ìdúnnú?”

Mummy wọ bàtà wọn. “Mi ò mọ̀. Mò ń lọ síbi iṣẹ́.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Daddy bẹ̀rẹ̀ àdúrà ilé bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n dúpẹ́ fún oorun, wọ́n dúpẹ́ fún jíjí, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn. A kúnlẹ̀, a ń dúró. “Màmá, ẹ bá wa gbà á,” ni wọ́n wí. Lẹ́yìn ìsìn, wọn kò bọ́ aṣọ funfun wọn kí wọ́n tó gbé láàpútọ́ọ̀pù sábẹ́ apá, wọ́n di ọwọ́ mi mú, a sì rìn lọ sí ilé Auntie Fúnkẹ́, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi Woolwich ti ń gbé mọ́tò kọjá. Ọkọ wọn wà níbi iṣẹ́. Auntie Fúnkẹ́ nìkan ló wà nílé, wọ́n gbé Kẹ́hìndé lé èjìká, wọ́n sì fẹ́ lọ gbé omi wá fún wa. Daddy bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó kan bí kọ̀ǹpútà ṣe kún, ó kan ìkórè, ó kan káàdì. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Auntie, èmi ni mo dílíìtì wọn.”

“Kí lo dílíìtì?”

“Fọ́tò wọn. Mẹ́wàá. Mo rò pé ẹnì kan ni wọ́n. Ọ̀kan ló kù, a ò sì mọ ẹni tí ó jẹ́.”

Wọ́n jókòó. Ọkọ̀ ojú omi fọn fèrè rẹ̀ lórí odò, ìró náà wọlé, ó jáde. “Gbé e wá,” ni wọ́n sọ fún Daddy, wọn kò sì fi “ẹ” sí i. Daddy ṣí i. Auntie Fúnkẹ́ tẹ̀ síwájú, ojú wọn mọ́lẹ̀. “Táí—” Wọ́n dúró. Wọ́n gbé Kẹ́hìndé tó ń sùn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ìhín, wọ́n wo ọ̀hún, wọ́n yí orí ọmọ náà sí ọ̀tún, sí òsì.

“Mi ò mọ̀,” ni wọ́n wí. “Háà, Olúwa. Mi ò mọ̀.”

Ẹkún gbé wọn. Mo ń sunkún pẹ̀lú wọn, Daddy ń sọ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́”, Kẹ́hìndé jí, òun náà bẹ̀rẹ̀. Láàárín ẹkún yẹn ni Auntie Fúnkẹ́ wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó bà mí lẹ́rù. “Ìwọ Ìdúnnú, dìde. Dìde ńlẹ̀. Ìwọ nìkan kọ́. Èmi tí mò ń pariwo pé kì í ṣe ojú kan náà, ṣé o mọ ohun tí mo fi ń dá wọn mọ̀? Òwú búlúù! Mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé, abẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan òwú já. Mo fún ẹnì kan lọ́mú lẹ́ẹ̀mejì, èkejì ń ké, mo ń bá a wí pé alájẹkì, ṣé o ò yó ni!” Wọ́n nu imú wọn. “Mo tún òwú so. Ta ló mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín ni mo so ó mọ́?”

Daddy rọra sọ ìyókù. Wọ́n ní àwọn ti ṣe fọ́tò kan, pé àwọn fẹ́ gbé e fún wọn láì sọ òtítọ́, pé àwọn á pa á rẹ́ níbẹ̀ lójú wọn.

“Ẹ̀yin náà, Daddy Ìdúnnú?”

“Ẹ má bínú, Auntie.”

“Màá bínú. Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná.” Wọ́n gbé Kẹ́hìndé lé mi lọ́wọ́ láì wo ojú mi. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, orí rẹ̀ gbóná ní ìgbọ̀nwọ́ mi, mo sì dúró gbọnin-gbọnin bí ẹni tí wọ́n gbé ohun gbogbo tó ní láyé fún. “Ẹ jẹ́ kí n rí i.”

Daddy fi hàn wọ́n. Àwọn méjèèjì ń sùn, wọ́n kọjú síra wọn nínú funfun tí Daddy ti tún ṣe, tí kò yẹ́lò, tí kò búlúù. Auntie Fúnkẹ́ fi ìka kan èyí ọ̀tún, wọ́n fi kan èyí òsì.

“Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún mi bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Mo ti mọ ohun tí ó jẹ́. Kò sí ẹni tó tàn mí. Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

“Kí ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀? Èwo ni Táíwò?”

“Ẹ má kọ nǹkan kan.”

Láti ọjọ́ yẹn, Daddy kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan fọ́tò kan kí ẹ̀dà rẹ̀ tó wà ní ibi méjì, èmi náà kì í sì í gbà bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé Mummy àwọn ń tọ́jú fọ́tò ẹni tó ń yán pàápàá. Mò ń tọ́jú wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyá mi tó wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́ láì gbọ̀jẹ̀gẹ́, àti fún bàbá mi tí àdúrà há mọ́ lẹ́nu. Mo ka híhá yẹn sí àdúrà tí mo tíì gbọ́ tó lágbára jù lẹ́nu wọn.

Mo lọ kí Auntie Fúnkẹ́ ní ọ̀sán kan, nígbà tí Kẹ́hìndé ti tó ọmọ ọdún méje. Fọ́tò náà wà lára ògiri lókè àga gígùn, nínú férémù onígi. Ọmọ náà dúró lórí àga pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

“Mummy, èwo ni èmi?”

Auntie Fúnkẹ́ kò gbójú sókè nínú aṣọ tí wọ́n ń lọ̀. “Èyí tó bá wù ẹ́.”

Kẹ́hìndé gbé ìka lé èyí tó wà lọ́wọ́ òsì. “Lónìí èmi ni this one,” ló sọ fún mi. Ó sún mọ́ ògiri, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà jí wọn. “Lánàá, Táíwò ló sùn síbí.”